Nígbà Tí Ìjọ Gba Ààwẹ̀ Orin

Nínú ìdílé mi, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Sango nígbà náà. Ìyá mi máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé mò ń ju orin sínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kọ̀ǹpútà lásán ni mò ń tẹ̀. Ọkọ mi, tó yẹ kó gbè mí, ní iṣẹ́ ìyanu ni, nítorí òun kì í rí nǹkan kan tí mo gbé lọ tàbí tí mo gbé bọ̀. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹni tó bá ti kọrin tán ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ á gbé orin náà wá bá mi. Èmi á fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ilé-iṣẹ́ náà á sì pín in káàkiri gbogbo ibi tí àwọn èèyàn ti ń gbọ́ orin lórí fóònù. Alárinà ni mí. Bí orin bá rìn, olórin ló gba ìyìn. Bí kò bá rìn, èmi ni wọ́n á wá jókòó tì.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà lókè ilé olóògùn kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìdíròkò, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí Àgbárá ti máa ń fọn fèrè títí orí á fi máa fọ́ mi. Lásìkò yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ń hù ní Ọ̀tà bí olú. Yunifásítì ti dé, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ibi tí ẹ̀gẹ́ wà tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì sì ń kó ẹrù dé láti ibi gbogbo. Ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ní kúáyà, kúáyà kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn jù, wọ́n sì ti sọ tẹ́lẹ̀ fún ẹni náà pé ohùn rẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè. Ọ̀dọ̀ mi ni àsọtẹ́lẹ̀ náà máa ń gbà kọjá. N kò lè ráhùn, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

Ohun tó máa ń bí mi nínú ni àwòrán iwájú orin. Ilé-iṣẹ́ yẹn kì í gba àwòrán tí wọ́n bá kọ nọ́ńbà fóònù sí, mo sì ti kọ èyí gàdàgbà mọ́ ara ògiri. Síbẹ̀, bákan náà ni wọ́n á ṣe gbé e wá: olórin rèé, pásítọ̀ rèé, ìyàwó pásítọ̀ rèé, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀ṣì àti àkókò ìsìn lápá kan, nọ́ńbà fóònù nísàlẹ̀. Ìyá ajíhìnrere kan bi mí pé bí orin náà bá wọ ẹnì kan lọ́kàn, tó fẹ́ àdúrà, ta ni kó pè? Mo ní kó pe Ọlọ́run tààrà. Ìyá náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí orin rẹ̀ fi jáde, ìgbà yẹn ló tó gbé mọ́ínmọ́ín wá fún mi.

Bí nǹkan bá dákẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ní bí mo ṣe máa ń wádìí rẹ̀. Mo máa kọ́kọ́ wò ó bóyá dátà mi ló tán. Bí kò bá tán, mo máa ṣí ojú-ewé mìíràn. Bí ìyẹn bá ṣí, a jẹ́ pé kì í ṣe nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Lẹ́yìn náà ni mo máa wá bi àwọn tí a jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ìkẹjà àti Ìbàdàn. Bí gbogbo wa bá ń pariwo, ilé-iṣẹ́ ló dákú. Bí ó bá jẹ́ èmi nìkan ni mò ń pariwo, ó ní nǹkan tí mo fọwọ́ mi ṣe. Àwọn oníbàárà mi kò ní sùúrù fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, bí orin kò bá ti ṣí, ọ̀tá ilé bàbá ló wà nídìí rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Àgbárá, ọkọ rẹ̀ sì ń tún iná ṣe ní yunifásítì kan. Àlejò ni ọkọ. Ìyàwó ni ọmọ Ọ̀tà pọ́ńbélé, ọmọ onílẹ̀. Ìdílé mùsùlùmí ló ti wá kó tó fẹ́ ọkọ, tó sì bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Sango. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ó ní ohùn. Ẹlẹ́rìn-ín èèyàn ni, Àǹtí ló sì máa ń pè mí bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó jù mí lọ. Orin tó gbé wá, orin ọpẹ́ ni, ó sì kọ ọ́ bí àwọn àgbà Ọ̀tà ṣe ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Sango. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo dá ohun tí mò ń ṣe dúró. Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé iṣẹ́ béèrè fún un, ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ pé n kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti ń kọ orúkọ orin náà sínú kọ̀ǹpútà ló ti sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún mi. Ìlú Àtàn ni bàbá náà ń gbé, ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn. Kò bá ọmọ rẹ̀ jà. Ó ṣàdúrà fún un nígbà ìgbéyàwó, bí ọmọ bá sì lọ kí i, wọ́n á jọ ṣeré, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ ti kó lọ sí Sango, bàbá kò wọ ilé rẹ̀ rí, kò sì jẹ oúnjẹ ibẹ̀ rí. Ó ní àwọn àlejò ti fi orin gba ọmọ òun lọ́wọ́ òun. Nígbà tí ọmọ wá ṣí orin náà fún un lórí fóònù ara rẹ̀, bàbá gbọ́ ọ tán, ó ní ta ni kì í yin ọbẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè? Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí ọmọ náà kò lè gbàgbé.

"Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí, tí kì í ṣe ará ṣọ́ọ̀ṣì yín, ọjọ́ náà ni n óò mọ̀ pé gbogbo wa lò ń kọrin fún, kì í ṣe àwọn nìkan. Ọjọ́ náà ni n óò wá jẹun nílé rẹ."

Ẹlòmíràn ì bá gba èyí sí àwàdà. Òun kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n bá òun gbé orin náà jáde dáadáa, kí bàbá òun lè wá jẹun. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìdí tí àwọn èèyàn fi ń gbé orin jáde: òkìkí, ìpè Ọlọ́run, kí wọ́n lè fi han ẹni tó kọ̀ wọ́n sílẹ̀. N kò gbọ́ irú èyí rí. Ó wọ̀ mí lára, mo sì fara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni tó ń di gèlè fún ìyàwó tuntun.

Orin jáde. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tó fi jó nínú ṣọ́ọ̀bù mi, olóògùn ìsàlẹ̀ sì kàn wá lájà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ilé-iṣẹ́ orin náà dákú. Ojú-ewé wọn kò ṣí mọ́, orin àwọn kan sì pòórá lórí fóònù àwọn tó ń gbọ́ wọn. Mo wo dátà mi, ó wà. Mo bi àwọn ará Ìkẹjà, wọ́n ń pariwo. Mo bi àwọn ará Ìbàdàn, ariwo tiwọn pọ̀ ju tèmi lọ. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí àpapọ̀ ìyà kì í dunni tó ìyà àdájẹ. Àwọn oníbàárà mi kún orí àtẹ̀gùn, èkíní ń gbàdúrà, èkejì ń bínú, ẹ̀kẹta ní òun ti rí i lójú àlá. Obìnrin ọmọ Ọ̀tà yìí náà wà láàárín wọn nínú aṣọ iṣẹ́, orin tirẹ̀ náà ti lọ. Mo sọ fún un pé kó lọ sinmi, pé ilé-iṣẹ́ ló ní ìṣòro, wọ́n á tún un ṣe.

Lóòótọ́, wọ́n tún un ṣe. Orin ìyá ajíhìnrere padà. Orin àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kọ hip-hop ìyìn padà. Gbogbo orin tó gba ọwọ́ mi lọ ló padà, àfi tirẹ̀. Mo jáde nínú ojú-ewé náà, mo tún wọlé. Mo wo orúkọ, mo wo àwòrán, mo wo orin náà fúnra rẹ̀ bóyá ibì kan ti já. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ìgbà tí mo wá lọ túlẹ̀ nínú ímeèlì mi, láàárín àwọn ìpolówó tí n kì í kà, ni mo rí ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn yọ orin náà kúrò nítorí àwọn rí i pé kì í ṣe èèyàn ló ń gbọ́ ọ. Wọ́n ní ẹnì kan ló ń fi ẹ̀rọ lù ú láìdúró láti ojú kan náà, kó lè dà bí ẹni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbọ́ ọ.

Orí mi gbóná. Mo mọ àwọn ọmọkùnrin kan tó máa ń ta irú ayédèrú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn olórin, mo sì ti kìlọ̀ fún gbogbo oníbàárà mi. Mo pè é, mo sì da ọ̀rọ̀ náà bò ó bí omi gbígbóná.  Ó ní òun kò mọ àwọn ọmọkùnrin kankan, pé òun kò lè fi èrú wá ohun tí òun fẹ́ fi pe bàbá òun wálé. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ojú sì tì mí. Mo wá fara balẹ̀ bi í pé ta ló wá ń gbọ́ orin náà tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, Àǹtí. Ẹ wá wò ó."

A jọ lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì náà kò tóbi, kò kéré, orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ya igi ìkọ́lé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ọ̀sán gangan ni, kò sí ìsìn, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé. Mo wọlé, mo sì dúró sójú kan. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ǹṣì kúáyà, fóònù sì tò sórí aṣọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ńlá, kékeré, èyí tí ojú rẹ̀ ti là, èyí tí wọ́n fi rọ́bà so. Wáyà iná lọ́ káàkiri ilẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n fi páálí kékeré kọ orúkọ olówó wọn sí lẹ́yìn, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wọn wà, orin kan ṣoṣo náà ni gbogbo wọn sì ń kọ, láti inú ẹ̀dà tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kó tó pòórá.

Ìyá díákónì kan ló jókòó tì wọ́n bí ẹni ń ṣọ́ ẹran ìléyá. Ó ṣàlàyé fún mi tayọ̀tayọ̀. Pásítọ̀ ló sọ lọ́jọ́ Ìsinmi pé orin arábìnrin àwọn gbọ́dọ̀ gòkè, kí oníkálukú máa gbọ́ ọ láìdúró. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ sí Àgbárá kì í lè mú fóònù wọ ibi ẹ̀rọ, dátà sì wọ́n. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ síbi iṣẹ́ á gbé fóònù tó ṣẹ́kù nílé rẹ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, á wá gbé e nírọ̀lẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tí n kò gbọ́ ohùn kankan. Ó ní àwọn pa ohùn wọn kó má baà dí àwọn tó wá gbàdúrà lọ́wọ́.

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n jókòó sílẹ̀. Orin dídùn yìí ń kọ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, etí kan ṣoṣo kò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n n kò lè bínú sí wọn. Bí ẹni wa bá ń ṣe nǹkan, a máa ń lọ kún ibẹ̀ ni, kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ̀ pé ó ní èèyàn. Bí a kò bá ráyè lọ, a ó fi ọmọ ránṣẹ́ láti gba àga tiwa. Àwọn wọ̀nyí fi fóònù ránṣẹ́. Ìyá díákónì wò mí, ó ní bí mo bá ní èyí tí n kò lò, kí n gbé tèmi náà kalẹ̀, àyè ṣì wà.

Pásítọ̀ gbà wá ní ọ́fíìsì rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Mo ṣàlàyé fún un pé lójú ilé-iṣẹ́ yẹn, bẹ́ǹṣì àwọn ará kò yàtọ̀ sí yàrá àwọn oníjìbìtì, nítorí fóònù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í wà lójú kan náà kí wọ́n máa kọ orin kan náà. Ó fọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ṣé ẹ̀rọ yẹn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó fẹ́ràn wa àti olè ni?"

Mo ní, "Kò mọ̀ ọ́n, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó dùn ún.  Obìnrin náà ń wo àwọn fóònù náà láti ẹnu ọ̀nà, mo sì mọ̀ pé Àtàn ni ọkàn rẹ̀ wà.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n yẹ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mi wò. Mo kọ òmíràn. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo kọ òmíràn tí ìyá mi kò gbọ́dọ̀ rí. Lẹ́yìn tí ara mi rọlẹ̀, mo kọ òótọ́ bó ṣe rí gan-an, bí àwọn èèyàn wa ṣe máa ń kún ẹ̀yìn ẹni, mo sì fi àwòrán bẹ́ǹṣì náà tì í, pẹ̀lú ìyá díákónì tó jókòó gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni èèyàn ẹlẹ́ran ara dá mi lóhùn. Ó ní gbogbo àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ló ti wo àwòrán náà. Ó ní orin náà lè padà, àmọ́ bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, gbogbo orin tó gba ọwọ́ mi wọlé ni wọ́n máa yọ. Mo ro ti ìyá ajíhìnrere àti àwọn ọmọ yunifásítì, gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ Ọ̀tà àti Sango lápapọ̀, òógùn sì bò mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo fi ṣọ́ọ̀ṣì tèmi sílẹ̀, mo lọ jókòó sí tiwọn kí n lè fetí ara mi gbọ́ ohun tí pásítọ̀ máa sọ. Pásítọ̀ kò dá wọn lẹ́bi. Ó ní àwọn ti fẹ́ràn arábìnrin àwọn ju bí ẹ̀rọ ṣe lè gbà á lọ. Ó ní láti òní lọ, ìjọ á gba ààwẹ̀ orin náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí i títí òun yóò fi sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣe àmín. Bàbá kan lẹ́yìn mi nawọ́ sókè, ó béèrè bóyá ààwẹ̀ gbígbẹ ni àbí èyí tí wọ́n máa ń ṣínu rẹ̀ lọ́sàn-án. Pásítọ̀ ní gbígbẹ ni.

Àwọn èèyàn wọ̀nyí mọ ààwẹ̀ í gbà. Wọ́n nu orin náà kúrò lórí fóònù wọn. Àwọn tó fi ṣe ìpè fóònù pa á rẹ́. Mo gbọ́ pé ìyàwó ilé kan gbá ọkọ rẹ̀ létí nítorí pé ó ń fi imú kọ ọ́ níbi tó ti ń fá irùngbọ̀n. Kódà olórin náà fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù láti gbọ́ orin ara rẹ̀. Orin ti padà sí ipò rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ọ. Bí mo bá ṣí ibi tí a ti ń wo iye olùgbọ́, ilẹ̀ gbígbẹ ni.

Ó wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òṣìṣẹ́, òórùn ike ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wò ó. N kò fẹ́, ṣùgbọ́n orin rẹ̀ ni. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà náà títí.

"Àǹtí, ṣé pé bí kì í bá ṣe ìjọ mi, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi? Òótọ́ ni bàbá mi sọ nígbà náà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun.  Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé bàbá àgbàlagbà kan ní Àtàn àti ẹ̀rọ kan lókè òkun ń sọ ohun kan náà: àwa kò ka àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín. Bí kì í bá ṣe pé fóònù tọ́ọ̀ṣì ni bàbá náà ń lò, ǹ bá ní òun ló kọ òfin fún ilé-iṣẹ́ yẹn. Mo wá sọ fún un pé kó jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ ná. Ẹni yòówù tó bá gbọ́ ọ láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó ní ó dáa, ó sì lọ sílé láìrẹ́rìn-ín. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí wo ibẹ̀ láràárọ̀ kí n tó fọ ẹnu. Ọjọ́ kan, ẹnì kan gbọ́ ọ. Mo pariwo, ọkọ mi sì sáré wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó rò pé ejò ni. Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni àwọn mélòó kan. N kò mọ ibi tí wọ́n wà, ojú-ewé náà kì í sọ ju orílẹ̀-èdè lọ. N kò sọ fún obìnrin náà, nítorí n kò fẹ́ kó máa kà á kó tún máa banú jẹ́. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó rọ̀ títí, ó dá.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, bàbá arúgbó kan gun àtẹ̀gùn mi wá. Ó dé fìlà alálàá funfun, ó sì ń fi ìgbésẹ̀ jẹ́jẹ́ gòkè bí ẹni tí kò gba ilé alájà gbọ́. Ó béèrè bóyá ibí ni wọ́n ti ń fi orin ránṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fún un lága, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù mi. Mo rò pé orin mùsùlùmí ló fẹ́ gbé jáde. Mo sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ náà kì í gba nọ́ńbà fóònù lórí àwòrán, àdírẹ́sì mọ́sálásí náà kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mi ò wá kọrin, ìyá. Ọmọ mi ni mo wá. Mi ò mọ ilé rẹ̀, òkè olóògùn tó ní òun gbé orin wá yìí nìkan ni mo mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ ẹni tó jókòó sí iwájú mi. Ó rò ó fún mi létòlétò. Ó gbé ẹ̀gẹ́ lọ lọ̀ ní Àtàn. Ọmọ Ègùn kan tí kò tíì pẹ́ dé ìlú ló ń lọ̀ ọ́, ó fi fóònù rẹ̀ kọ́ ìṣó lára òpó. Bó ṣe pa ẹ̀ńjìnnì kó lè da epo sí i ni bàbá gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun kú sínú apẹ̀rẹ̀. Ó bi ọmọ Ègùn pé ta ló ń kọrin yìí. Ẹni yẹn ní òun kò mọ̀ ọ́n, òun kàn rí i lórí fóònù ni. Òun kò tilẹ̀ gbọ́ gbogbo èdè náà, àmọ́ ó máa ń rán òun létí ìyá òun.

Bàbá ní, "Mo sọ fún un pé ọmọ mi ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, 'Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ ẹ̀gẹ́ yín.'"

Inú bí i gidigidi bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sì mú un lọ.

Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, ó ró ìró mọ́ àyà, ó ń fọ aṣọ iṣẹ́ lójúde. Ó gbójú sókè. Kò sáré, kò kígbe. Ó kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ níbi tó wà, ó ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ ni?"

"Mo ti gbọ́ ọ."

Èmi ni mo kọ́kọ́ sunkún, kí n má parọ́. Nígbà tí gbogbo wa wọlé tán, àṣírí tú pé kò sí oúnjẹ kankan nílé. Ó ti ń ro ohun tí yóò sè lọ́jọ́ náà láti ọjọ́ pípẹ́, iyán ni, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́, ọjọ́ náà sì dé bá a lórí ìkòkò òfìfo. Ó fẹ́ sáré lọ ọjà. Bàbá ní kó jókòó, kó gbé ohun tó bá wà wá. Gààrí ló wà, àti ẹ̀pà díẹ̀. Ó gbé e wá sínú abọ́ tó dára jù, ó sì da omi tútù sí i.

Bàbá kò tíì fọwọ́ kan ṣíbí nígbà tó yọ fóònù tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jáde. Ó pe ọmọ Ègùn tó ń lọ ẹ̀gẹ́. Ó ní kó pa ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ló na fóònù sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Kọ ọ́ kó gbọ́."

Ó kọ ọ́, lórí ìkúnlẹ̀, ọṣẹ ṣì wà lápá rẹ̀, láìsí dùùrù, láìsí kúáyà. Ó kọ ọ́ bí àwọn àgbà Ọ̀tà ṣe ń sọ̀rọ̀. Títí ó fi kọ ọ́ tán, èémí ọmọ Ègùn náà nìkan là ń gbọ́ lórí fóònù. Bàbá gba fóònù padà.

"Ṣé o ti wá gbà báyìí? Ọmọ mi ni."

Ó ti fóònù bọ àpò, ó fa abọ́ gààrí náà mọ́ra, ó sì ní kí ọmọ òun bu omi díẹ̀ kún un.